Ilẹ̀ Kan, Orúkọ Mẹ́ta: Àjọṣe Àwọn Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjókòó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ fi oko sílẹ̀ lónìí nítorí tiwa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, mo kí yín o. Àwọn baba wa a máa ki ilẹ̀ ní Ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ẹni tí ó jẹ́ pé ọkọ́ ni ó fi ń tún irun orí rẹ̀ ṣe. Mo fi oríkì yìí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó ti tó 50 ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ń fi ẹ̀rí hàn ní Ìbàdàn níhìn-ín pé bí a bá dín irun yíyẹ̀ náà kù, orí ọ̀hún á túbọ̀ dára. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni àjọṣe tí ó yẹ kí ó wà láàrin àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ ní agbègbè wa, kí ilẹ̀ tí à ń dá oko sí má baà ṣá mọ́ wa lọ́wọ́. Èrò tèmi kò gùn. Ìpàdé kò wọ́n wa, àdéhùn kò sì wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n wa ni òṣùwọ̀n kan náà tí gbogbo wa lè fi wọn ilẹ̀, orúkọ kan náà tí a lè fi pè é, àti ọ̀nà tí èsì ohun tí ẹnì kan wọ̀n yóò fi kúrò nínú àpótí tábìlì rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tí ó wà ní òdìkejì ẹnubodè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kì í dùn létí bí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ pupa tí ó wà lẹ́yìn etí òkun. Láti ìhà ìlà-oòrùn odò Volta ní Gánà, gba gúúsù Tógò àti gúúsù Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin kọjá, títí wọ ìpínlẹ̀ Ògùn, irú ilẹ̀ kan wà tí ó pupa, tí òkè rẹ̀ jẹ́ yanrìn, tí amọ̀ sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń walẹ̀ lọ. Kò ní òkúta, ọkọ́ a sì máa wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Orí rẹ̀ ni Sakété àti Pobè wà ní ìhà Benin, orí rẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú oko agbègbè Ìlaró wà ní ìhà tiwa. Àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Faransé ń pè é ní terre de barre, orúkọ tí ó wá láti inú barro, ọ̀rọ̀ tí àwọn Potogí ń lò fún amọ̀. Ní Nàìjíríà, ìwé ìwádìí àtijọ́ kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sábẹ́ orúkọ Alagba. Ẹni tí ó bá sì ń tẹ̀lé ètò ìsọrí àgbáyé tí a mọ̀ sí WRB yóò pè é ní Acrisol ní ibì kan, yóò sì pè é ní Ferralsol ní ibòmíràn. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ni, à bá fi ṣẹ̀rín lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ni a fi ń wá ìwé. Àwọn onímọ̀ Tógò àti Benin ti mọ̀ tipẹ́ pé pòtásíọ̀mù wà lára ohun tí ó ń yára tán nínú ilẹ̀ yìí bí a bá ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lé e lórí lọ́dọọdún láìjẹ́ kí ó sinmi, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́pọ̀ ìgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ó ń wá Alagba lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè rí ìwé wọn, nítorí pé terre de barre ni wọ́n kọ síbẹ̀, èdè tí kò gbọ́ ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Yóò lo ọdún mẹ́ta lórí ìwádìí tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà ní Lomé kí wọ́n tó bí i. Bákan náà ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cotonou kò ní mọ ohun tí a ti ṣe ní Abẹ́òkúta.

Bí a bá kúrò ní etí òkun, tí a wọ ilẹ̀ tí ó ti ara àpáta àtijọ́ wá, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Ní ọdún 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ ìwádìí ńlá kan jáde, èyí tí Smyth àti Montgomery ṣe lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn agbègbè wa, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ìlú wa sọ àwọn ilẹ̀ náà lórúkọ. Ilẹ̀ Ìwó ni èyí tí ó ti ara àpáta oníhóró ńláńlá wá, ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá ti ara èyí tí hóró rẹ̀ kúnná wá, ti Ìtàgùnmọ̀dí sì jẹ́ amọ̀ pupa dòdò tí àwọn olóko kòkó fẹ́ràn. Títí di òní, bí onímọ̀ kan ní Ìbàdàn bá ní "Ẹgbẹ́dá", gbogbo wa mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé Sábẹ̀ẹ́, níbi tí àpáta náà ti ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, orúkọ yẹn ti di òfo. Wọ́n á ní sol ferrugineux tropical ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ń jẹ́. Àwọn tí ó tẹ̀lé ìlànà Amẹ́ríkà á ní Alfisol ni. Àwọn ti WRB á ní Lixisol ni.

Ohun kan wà tí ó máa ń yà mí lẹ́nu nínú gbogbo èyí. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ààlà láàrin àwọn ènìyàn Kétu àti àwọn ará ilé wọn. Ìlú Ìlárá wà lórí ààlà náà gan-an, apá kan ní Nàìjíríà, apá kan ní Benin. Àgbẹ̀ méjì tí ó bá pàdé níbẹ̀ á sọ̀rọ̀ ilẹ̀dú, ilẹ̀ bọ̀lẹ̀, ilẹ̀ tí yangí wà lábẹ́ rẹ̀ àti ilẹ̀ tí ó ti ṣá, wọn kò sì ní wá ògbufọ̀. Àwa tí a kàwé nípa ilẹ̀ ọ̀hún gan-an ni a ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ fún wa. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n máa kọ orúkọ tí àgbẹ̀ fi pe ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ èyí tí wọ́n kọ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan rò pé mò ń ṣe àṣejù nípa àṣà ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ àgbẹ̀ ni ọ̀kan ṣoṣo tí ó ti kọjá ẹnubodè láìsí ìwé ìrìnnà.

Báwo ni a ṣe dé ibi tí a wà? Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1924. Ní ọdún 1954, wọ́n gbé ìpàdé ńlá wọn wá sí Léopoldville, ìlú tí à ń pè ní Kinshasa lónìí. Láti ìgbà náà títí di ti Glasgow ní ọdún 2022, ìpàdé yẹn kò tún tẹ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ ti gbogbo Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanzania tilẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo láti àwọn ọdún 1970, bóyá nítorí pé èdè kan náà ni wọ́n fi kàwé. Tiwa ní ìwọ̀-oòrùn pín sí méjì: apá tí ó kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì ń wo Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, apá tí ó kàwé ní Faransé ń wo Paris. Ìwé ìrìnnà láti Èkó lọ sí Cotonou kì í ṣòro gbà, ọ̀nà náà kò sì jìn, ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí a máa kọ́kọ́ gba Yúróòpù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà ìjọba àmúnisìn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, àwọn ará Bẹ́ljíọ́mù àti Potogí, tí wọn kò fẹ́ràn ara wọn rárá, gbé àjọ kan kalẹ̀ fún àjọṣe nínú iṣẹ́ ìmọ̀ ní Áfíríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CCTA. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wọn jókòó pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí àkójọ orúkọ kan tí wọn yóò fi ya àwòrán ilẹ̀ gbogbo Áfíríkà. D'Hoore, ará Bẹ́ljíọ́mù, ni ó kó o jọ, Èkó sì ni wọ́n ti gbé e jáde ní ọdún 1964. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, iṣẹ́ àjọ náà bọ́ sọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Mo ti wo àwòrán yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ìtìjú díẹ̀ a sì máa mú mi: àwọn tí ó wá pín ilẹ̀ wa mọ́wọ́ lè fẹnu kò lórí orúkọ rẹ̀, àwa tí a ni ín kò tíì tún ṣe é láti ọwọ́ ara wa. Àkójọ àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tí ó jáde ní ọdún 2013 dára púpọ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà lára àwọn tí ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni ó tẹ̀ ẹ́.

Mo wá dé orí yàrá àyẹ̀wò, níbi tí ọ̀rọ̀ mi gan-an dá lé.

Ní ìgbà kan, mo bu ilẹ̀ láti inú oko ẹ̀gẹ́ kan. Mo sá a gbẹ, mo gún un, mo jọ̀ ọ́, mo pò ó pọ̀ dáadáa, mo sì pín in sí ọ̀nà méjì. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò kan ní ìhà ìhín ẹnubodè, mo sì fi èkejì ránṣẹ́ sí ìhà ọ̀hún. Yàrá kìíní ní kábọ̀nù inú rẹ̀ jẹ́ 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Yàrá kejì ní 1.2 ni. Àgbẹ̀ tí ó ni oko náà bi mí léèrè èwo ni kí òun gbà gbọ́, nítorí pé nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí mo mú lọ́wọ́, èsì kìíní sọ pé ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá, èsì kejì sì sọ pé ó ṣì lè dúró díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló ṣe àṣìṣe. Nígbà tí mo pe àwọn méjèèjì, mo rí i pé kò sí ẹni tí ó ṣì í wọ̀n.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀nà tí Walkley àti Black kọ́ wa ní ọdún 1934 ni àwọn yàrá méjèèjì lò. Nínú ọ̀nà yìí, a máa ń da oògùn dáíkrómétì àti ásíìdì olóró lé ilẹ̀ lórí kí ó jó kábọ̀nù inú rẹ̀, a ó sì fi iye oògùn tí ó run mọ iye kábọ̀nù tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kì í jó gbogbo kábọ̀nù tán. Nǹkan bí ìpín 77 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń rí jó, nítorí náà àwọn kan a máa fi 1.3 sọ èsì náà di púpọ̀ kí ó lè pé. Yàrá kejì fi sọ ọ́ di púpọ̀. Yàrá kìíní kò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gba 0.9, ẹ fi 1.3 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 1.2 mu. Kò sí nínú ìwé èsì méjèèjì ibi tí wọ́n ti sọ èyí tí wọ́n ṣe. Ẹ wá ro ó wò: bí a bá kó èsì ọgọ́rùn-ún yàrá àyẹ̀wò jọ sínú kọ̀ǹpútà kan láti fi ya àwòrán kábọ̀nù inú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọ̀ tí yóò hàn lórí ààlà lè jẹ́ ti ìṣirò, kí ó má sì jẹ́ ti ilẹ̀ rárá.

Ti kíkan ilẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń wọn pH nínú omi lásán, àwọn kan nínú omi tí wọ́n pò mọ́ pòtásíọ̀mù kíláráìdì, èyí tí ó sì wá láti inú èkejì a máa kéré sí tàkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ wa, nígbà mìíràn a tó òǹkà kan odidi. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí a lò lè ní kí àgbẹ̀ ra ẹfun àpáta sí ilẹ̀ tí kò kan. Ní ti fọ́sífọ́rọ̀sì, ọ̀nà Bray ni ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ní àwọn yàrá tí ó gba ẹ̀kọ́ Faransé, ẹ ó bá ọ̀nà Olsen tí Dabin tún ṣe. Àwọn tuntun sì ń lo ti Mehlich. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára, ṣùgbọ́n òǹkà wọn kò ṣe é fi wé ara wọn, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà tí ẹnì kejì sì ń fi mọ́dù wọ̀n ọ́n.

Ní ọdún 2017, FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, dá ìsopọ̀ àwọn yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ àgbáyé sílẹ̀, tí à ń pè ní GLOSOLAN. Ẹ̀ka ti Áfíríkà ń jẹ́ AFRILAB. Wọ́n ti kọ ìlànà kan ṣoṣo fún ọ̀nà Walkley àti Black, àti fún àwọn òmíràn, tí yàrá kọ̀ọ̀kan lè tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n tún ń ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn: wọ́n á lọ ilẹ̀ kan kúnná, wọ́n á pín in sínú àpò kéékèèké, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ yàrá láìsọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi èsì olúkúlùkù wé ara wọn. Yàrá tí èsì rẹ̀ bá yà kúrò lọ́nà á mọ̀ pé ó yẹ kí òun tún ẹ̀rọ òun wò. Ìtìjú wà nínú rẹ̀, mo gbà, mo sì mọ àwọn ọ̀gá yàrá tí wọn kì í fẹ́ kí orúkọ wọn wà níbẹ̀ nítorí ìtìjú náà. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. FAO kò lè pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ìjọba kò sì mọ ohun tí ó ń jẹ́ Walkley. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ni a wà nínú àwọn yàrá yẹn, àwa ni a ń ka ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, àwa ni olóòtú jọ́nà. Bí ẹgbẹ́ Nàìjíríà àti ti Benin bá fẹnu kò lónìí pé àwọn kò ní gba ìwé kankan sí jọ́nà wọn tí kò bá sọ ọ̀nà tí a fi wọn ilẹ̀ náà ní kíkún, láàrin ọdún méjì gbogbo ènìyàn á yí padà, owó kankan kò sì ní ṣòfò.

Ní ti àwọn àdéhùn ńlá, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ní Àbújá, ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn olórí Áfíríkà pinnu pé ajílẹ̀ òyìnbó tí à ń lò, tí ó jẹ́ kílò 8 lórí hẹ́kítà kan nígbà náà, yóò di kílò 50 kí ọdún 2015 tó dé. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Nàíróbì ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, kílò 18 ni a wà, wọ́n sì tún pinnu kílò 54 fún ọdún 2034. Èyí tí ó dára nínú ti Nàíróbì ni pé ó dárúkọ ìlera ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fẹ́ kí a tún ó kéré tán ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Ní àárín méjèèjì, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ ECOWAS ti ṣe ìpàdé tirẹ̀ ní Lomé, ibùdó agbègbè kan fún ajílẹ̀ àti ìlera ilẹ̀ sì ti wà ní Ìbàdàn báyìí lábẹ́ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kílò 50 wo ni a ń sọ? Lórí ilẹ̀ tí pòtásíọ̀mù ti tán nínú rẹ̀, tàbí lórí èyí tí ìwọ̀nba ewé jíjẹrà tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè di naitrojín mú títí òjò kejì á fi rọ̀? Àpò ajílẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé kiri láti ìhà àríwá dé etí òkun, nítorí pé ẹni tí yóò sọ pé ti ibí yàtọ̀ sí ti ọ̀hún kò ní òǹkà tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́.

Mo ṣèlérí pé n óò padà sórí ọ̀rọ̀ irun yíyẹ̀. Láàrin ọdún 1970 sí 1987, Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tí ó ti Íńdíà wá, ṣiṣẹ́ ní IITA. Ó la ilẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí dídà wọn jẹ́ 1, 5, 10 àti 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì gbé ohun tí yóò gba omi àti iyẹ̀pẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan. Níbi tí ilẹ̀ wà ní ìhòhò, ọ̀gbàrá a máa kó ọ̀rá ilẹ̀ lọ. Níbi tí a kò ti tú ilẹ̀, tí a sì fi pòpórò àgbàdo bò ó, omi a máa rọra wọlẹ̀, àní lórí èyí tí ó dà jù lọ pàápàá. Ekòló náà padà síbẹ̀. Ní ọdún 2020 ni wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ yẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún lójú kan ṣoṣo, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí a kò yí padà. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi lè lò ó níbikíbi.

Àpẹẹrẹ mìíràn wá láti ìhà Mono ní Benin, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àwọn olùwádìí gbé irú wèrèpè kan tí kì í yún-ni lára wá, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ gbìn ín kí ó lè dá ọ̀rá ilẹ̀ padà. Àwọn àgbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rá ilẹ̀ sí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tí wèrèpè náà bá bò mọ́lẹ̀, ẹ̀kan kì í gbérí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀kan tí ó ti lé àwọn ẹlòmíràn kúrò lóko. Nítorí ìyẹn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn fi gbà á. Ó ní àléébù tirẹ̀: a máa gba ilẹ̀ fún sáà òjò kan odidi, èso rẹ̀ kò sì ṣe é jẹ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀kan tí ó wà ní Mono náà ni ó wà ní Òkè-Ògùn, síbẹ̀ mo ti pàdé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ níbẹ̀ tí wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, àwọn kan sì rò pé mo fẹ́ fi wèrèpè ṣe wọ́n ní ibi nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀.

Ti agúnmániyẹ̀ náà wà níbẹ̀, tí àwọn olùwádìí IITA ní kí a gbìn ní ìlà-ìlà láàrin àgbàdo, kí a máa gé ewé rẹ̀ bo ilẹ̀. Lórí oko ìwádìí, ó ṣiṣẹ́. Lóko àgbẹ̀, igi gígé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún já lé àkókò tí iṣẹ́ ebè ń pè, púpọ̀ nínú wọn sì fi í sílẹ̀. Oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni ó gbìyànjú rẹ̀, mo sì gbà pé ìtàn bí ó ṣe kùnà ní ibì kọ̀ọ̀kan níye lórí ju ìtàn ibi tí ó ti yọrí sí rere lọ. Àwa onímọ̀ kì í sábà tẹ ìkùnà jáde.

Èyí tí ó wú mi lórí jù lọ kò tọwọ́ onímọ̀ kankan wá. Ní Yatenga, ní àríwá Bùrkínà Fasò, àwọn àgbẹ̀ ní ọgbọ́n àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní zaï: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbẹ́ kòtò kéékèèké sínú ilẹ̀ tí ó ti le bí òkúta, wọ́n á bu ajílẹ̀ ẹran sí i, ikán á wá máa la ọ̀nà sínú ilẹ̀, omi òjò àkọ́kọ́ á sì gbárajọ síbẹ̀ fún ọkà bàbà. Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ tí ó fẹ kòtò náà lójú tí ó sì sọ ọ́ di ọ̀tun, gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní ọdún 2018. Ní ọdún 1989, àwọn àgbẹ̀ 13 láti Illéla ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ́r wọkọ̀ lọ sí Yatenga, wọ́n wo kòtò náà, wọ́n padà sílé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òjò kò rọ̀ dáadáa, àwọn oko tí a gbẹ́ kòtò sí ni ó so ju ti ẹlòmíràn lọ. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ tí ó ti le di ohun tí àwọn ènìyàn ń rà. Ìrìn-àjò kan, ènìyàn 13. Mo ti lọ sí àpéjọ tí owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ nìkan ì bá gbé àwọn àgbẹ̀ 13 náà lọ gbé wọn bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ti ìwé tí ó wà ní ìpamọ́. Ní Wageningen, ní Nẹ́dálándì, ibùdó kan tí ń jẹ́ ISRIC kó àkọsílẹ̀ kòtò ilẹ̀ tí ó lé ní 18,000 jọ láti inú àwọn ìwé àtijọ́ nípa Áfíríkà. Wọ́n ṣe dáadáa, ẹnikẹ́ni sì lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó ṣì wà nínú àwọn àká ìwé wa tí ikán ń jẹ, nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣí wò? Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lọ́dún láti máa tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ọ̀nà tí a fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ láàrin Ìbàdàn, Cotonou, Lomé àti Accra kí ó tó lọ sí òkè òkun.

Mo fẹ́ fi àbá kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa àti fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó wá láti Benin. Kí a má pe àpéjọ mìíràn lọ́dún tí ń bọ̀. Kí ènìyàn mẹ́wàá láti ìhà kọ̀ọ̀kan pàdé lórí ilẹ̀ pupa tí mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá ẹnubodè, kí a gbẹ́ kòtò kan tí ó jìn tó mítà kan ààbọ̀, kí gbogbo wa wọ inú rẹ̀. Ohun kan wà tí a ti fẹnu kò lé lórí tẹ́lẹ̀ tí a kò mọ̀: ìwé àwọ̀ Munsell, tí à ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ láti mọ bí ó ṣe pupa tó. Bí mo bá ka 2.5YR 4/6, ẹni tí ó wá láti Cotonou á ṣí ojú ewé kan náà. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí a máa sọ̀kalẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ tí ó máa ń pè é, kí a béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó ni oko náà ohun tí òun ń pè é, kí a bu ilẹ̀ láti ìpele kọ̀ọ̀kan, kí a pín in sí yàrá àyẹ̀wò mẹ́rin ní ìhà méjèèjì. Ọkọ́, ṣọ́bìrì, tépù, àpò ọ̀rá àti ìwé Munsell ni a ó nílò. Kí a sì dí kòtò náà padà kí òjò tó dé, nítorí oko olóko ni.